Àyẹ̀wò Oúnjẹ Ọgbà Ìgbafẹ́: Owó Ń Gòkè, Adùn Kò Bá A Gòkè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú oúnjẹ tí yóò bá pàdé nínú ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan, irú èyí tí ènìyàn ti ń gun ẹ̀rọ ìṣeré, kò nílò kí ó kọ́kọ́ ka orúkọ oúnjẹ tó wà lára pátákó. Ibi tí ilé oúnjẹ náà wà sí ẹnubodè ni kí ó kọ́kọ́ wò. Ilé oúnjẹ tó wà níta, níbi tí ẹni tí kò gba tíkẹ́ẹ̀tì pàápàá ti lè wọlé jókòó, mọ̀ pé bí ọwọ́ òun kò bá dùn, oníbàárà yóò dìde, yóò sì gba ibòmíràn lọ. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti yẹ àpò wa wò tí wọ́n sì ti gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa, mọ̀ pé a kò ní ibi tí à ń lọ, àti pé bí ebi bá ti ń pa ọmọ, ìyá rẹ̀ kò ní dúró ná ọjà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kíyè sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn ọgbà yìí àti ti àwọn ibùdó ìsinmi tó bá wọn tan. Ohun tí mo rí ni pé iye owó ń gòkè níbi gbogbo, ṣùgbọ́n adùn kò bá a gòkè níbi gbogbo, ẹnubodè yẹn ló sì máa ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jù.

Knott's Berry Farm tó wà ní Buena Park ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ni àpẹẹrẹ tó hàn kedere jù. Ní 1934, nígbà tí ọ̀dá owó mú gbogbo Amẹ́ríkà, Cordelia Knott, ìyàwó àgbẹ̀ kan tó ń gbin èso bẹ́rì, din adìyẹ fún oníbàárà mẹ́jọ, ó sì gbé e fún wọn nínú àwo ìgbéyàwó ara rẹ̀, ní 65 sẹ́ǹtì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òkìkí adìyẹ náà kàn débi pé àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tò fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n tó rí àga jókòó sí, èyí ló sì mú kí ọkọ rẹ̀, Walter Knott, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú ayé àtijọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé oúnjẹ náà ní 1940, kí àwọn tó ń dúró lè rí nǹkan wò. Oúnjẹ ló bí eré níbẹ̀. Eré kọ́ ló bí oúnjẹ. Títí di òní, ilé oúnjẹ adìyẹ yẹn wà níta ẹnubodè ọgbà. Ẹni tí kò fẹ́ gun ẹ̀rọ kankan lè jẹun níbẹ̀ kó sì máa lọ sílé rẹ̀, mi ò sì rò pé ó ṣàdédé ni pé orúkọ rere rẹ̀ ṣì dúró lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a wọlé wàyí. Ní oṣù kẹwàá 2024, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ní Disneyland ti Kalifọ́níà dé 206 dọ́là fún àwọn ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀ jù, kò sì sí òkèlè kan ṣoṣo nínú owó náà. Tọkọtaya tó bá mú ọmọ méjì dání ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti ná nǹkan bí 800 dọ́là kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ kankan. Bí ọ̀sán bá wá pọ́n tí ebi bá dé, irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kì í ka ogún dọ́là sí nǹkan kan mọ́, nítorí owó ńlá tó ti lọ láàárọ̀ ti sọ owó ọ̀sán di kékeré lójú wọn. Àwọn tó ń fi iye lé oúnjẹ mọ èyí bí ẹní mowó.

Àwo oúnjẹ kan wà tí n kò tíì gbàgbé, ní ọgbà kan tí n kò ní dárúkọ. Mo san ohun tó lé ní ogún dọ́là fún bọ́gà, ọ̀dùnkún díndín àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan. Wọ́n ti di bọ́gà náà sínú bébà onífàdákà kí n tó dé ibẹ̀, ooru ara rẹ̀ sì ti di omi sínú bébà, tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ búrẹ́dì náà ti rọ̀ bí èyí tí a rì bọ tíì, nígbà tí òkè rẹ̀ gbẹ tó sì ń ya. Wàràkàṣì orí rẹ̀ kò yọ́. Igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì pé, ó sì ti le létí. Ewé létúùsì ti rọ, ẹran náà gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tutù láàárín. Ọ̀dùnkún ìwọ̀nba tó wà lókè ṣì ní iyọ̀ àti ooru díẹ̀ lára, èyí tó wà nísàlẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Lára ògiri tó kọjú sí mi, àwòrán bọ́gà kan náà wà níbẹ̀, ó ga jù mí lọ, omi ń kán lára tòmátò rẹ̀.

Mi ò dá ọmọ tó gbé e fún mi lẹ́bi. Irú káńtà bẹ́ẹ̀ ní láti bọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn láàárín agogo méjìlá sí agogo méjì ọ̀sán, ebi sì ń pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kì í ṣe ohun tó dùn jù ni ilé ìdáná máa ń yàn, ohun tó bá lè dúró lábẹ́ iná láì yí padà ju bó ṣe yẹ lọ ni. Ẹran tó ti inú yìnyín wá, adìyẹ tí wọ́n ti fi ìyẹ̀fun bò láti ilé iṣẹ́, àti písà, ni wọ́n máa ń borí. Ìyẹn ló fà á tí pátákó oúnjẹ fi máa ń jọra láti ọgbà kan dé èkejì, yálà wọ́n kọ́ ilé náà bí ààfin ọba ni o, tàbí bí ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá. Ọ̀dà ara ògiri ló yàtọ̀. Agbada òróró kan náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn onílé yóò sọ pé ọjà ló wọ́n, wọn kò sì purọ́ tán. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà, owó oúnjẹ tí àwọn ènìyàn ń rà jẹ níta fi ìdá 7.7 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè ní 2022, ó sì tún fi ìdá 7.1 gòkè ní 2023. Màlúù orílẹ̀-èdè náà dín kù débi pé iye tí wọ́n kà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ló kéré jù láti 1951, ẹran bọ́gà kò sì lè ṣe kó má wọ́n. Ní Flọ́rídà, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i ní 2020 pé kí owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ máa gòkè lọ́dọọdún títí yóò fi dé 15 dọ́là fún wákàtí kan ní oṣù kẹsàn-án 2026. Mo gbà pé èyí tọ́, nítorí ẹni tó ń dúró ti òróró gbígbóná láti àárọ̀ yẹ kó rí owó ilé san. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò: oúnjẹ tó jẹ́ dọ́là mẹ́wàá ní 2021 yóò ti di nǹkan bí dọ́là 11.50 ní 2023, bí ó bá tẹ̀lé ọjà ìta. Ẹni tó bá ṣì ní rìsíìtì àtijọ́ lọ́wọ́ lè fi èyí wọn ọgbà tó máa ń lọ. Bí owó bá ti lé lórí ìyẹn, ó yẹ ká rí àfikún náà nínú àwo, yálà nínú ẹran tó dára sí i tàbí nínú búrẹ́dì tí wọ́n yan láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ohun tó máa ń dùn mí ju owó tó gòkè lọ ni èyí tí wọ́n yọ kúrò láì wí. Nígbà kan rí, ní ọ̀pọ̀ káńtà, tábìlì kan máa ń wà tí oníbàárà ti ń bu àlùbọ́sà, tòmátò, ata àti wàràkàṣì yíyọ́ sórí oúnjẹ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Wọ́n kó o kúrò ní 2020 nítorí àrùn Kòrónà, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn jiyàn nígbà náà. Àrùn lọ tán, tábìlì náà kò sì padà ní ibi púpọ̀. Ata tó ń bo àbùkù ẹran mọ́lẹ̀ ti lọ, àbùkù náà sì jókòó síbẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n so oúnjẹ pọ̀ kí a má lè mú ọ̀kan níbẹ̀. Be Our Guest, ilé oúnjẹ tó ṣí ní 2012 ní Magic Kingdom, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà Disney ní Flọ́rídà, ni ẹni tó wù ti máa ń yan ìwọ̀nba tó fẹ́ jẹ ní alẹ́, ṣùgbọ́n ní 2018 wọ́n sọ oúnjẹ alẹ́ náà di abala mẹ́ta ní iye kan ṣoṣo, 55 dọ́là fún àgbà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, láì ka owó orí àti tíìpù, ìyẹn owó ẹ̀bùn agbáwo. Yàrá náà lẹ́wà, mi ò ní ṣàì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọbẹ̀ kan àti búrẹ́dì bá tó, tàbí àgbàlagbà tí kì í jẹ ohun dídùn, yóò san owó àjà ilé àti owó fìtílà mọ́ oúnjẹ tí kò jẹ.

Ọ̀pọ̀ ìdílé rò pé ètò oúnjẹ àsansílẹ̀ Walt Disney World, ibùdó ńlá Disney ní Flọ́rídà, ni yóò yọ àwọn. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 2005, Kòrónà dá a dúró ní 2020, ó sì padà ní oṣù kìíní 2024. Nígbà tó padà, ètò kékeré jẹ́ dọ́là 57.01 fún àgbà kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì wọn. Ó ní oúnjẹ orí káńtà méjì, ìpanu kan, àti kọ́ọ̀pù tí a ó máa fi bu ohun mímu ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ètò ńlá, tó fi oúnjẹ ìjókòó tí agbáwo ń gbé wá rọ́pò ọ̀kan nínú ti orí káńtà, jẹ́ dọ́là 94.28. Ẹ yọ nǹkan bí dọ́là méje kúrò nínú iye ètò kékeré ọdún náà fún ìpanu, ó ku àádọ́ta. Èyí túmọ̀ sí pé oúnjẹ orí káńtà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí owó ẹni tó padà. Ẹni tó ń mu bíà tàbí wáìnì lè rí i gbà, nítorí láti 2018 ni ọtí ti wà nínú ètò náà fún ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21. Ẹni tó jẹ́ pé omi lásán ló ń mu, tó sì máa ń bá ọmọ rẹ̀ pín oúnjẹ kan jẹ, yóò kàn máa wá ohun tó wọ́n jù lórí pátákó kiri lójoojúmọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ohun náà kò wù ú jẹ, owó tó ti san ló ń lé e. Ti àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́sàn-án nínú ètò kékeré sàn díẹ̀, dọ́là 23.83 ni nígbà náà, ó sì ṣòro kí ọmọ jẹun lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀ kó tún panu kí owó rẹ̀ má tó bẹ́ẹ̀. Tíìpù agbáwo kò sí nínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ rí, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 2008. Lójú tèmi, ẹni tó ń jẹun kánrin tó sì ń mutí ni kó rà á. Kí àwa yòókù máa rà bí ebi bá ṣe ń pa wá.

Ètò orí fóònù tí a fi ń pe oúnjẹ ṣáájú, èyí tí Disney bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2017, ti dín ìlà kù, ó sì ti jẹ́ kí a rí iye owó kí ojú tó tì wá níwájú káńtà. Àléébù rẹ̀ kò ju pé a kò rí ohun tí wọ́n ń bù kí a tó sanwó.

Kì í ṣe gbogbo ọgbà ló ń ṣe báyìí. Holiday World, ọgbà kan ní ìpínlẹ̀ Indiana, ti ń fún àlejò ní ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2000, bó ti wù kí a bù ú tó. Ẹni tó bá ti kó ọmọ mẹ́ta rìn nínú oòrùn láti àárọ̀ di alẹ́ mọ iye tí ìyẹn ń gbà là. Knoebels ní Pennsylvania kò gba owó ìwọlé rárá. Ẹni tó bá wù ú ń rìn wọlé, ó ń rìn jáde, ó sì lè gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá láti ilé. Ọgbà yìí kan náà ló sì ti gba àmì-ẹ̀yẹ oúnjẹ tó dára jù lọ́pọ̀ ìgbà láàárín àwọn ọgbà Amẹ́ríkà. Níbi tí kò ti sí ẹnubodè, ọwọ́ alásè ni wọ́n fi ń mú oníbàárà dúró.

Èyí tó wà nínú ẹnubodè tó sì tún dára ní àṣírí tirẹ̀. Ní Dollywood, ní Pigeon Forge ní Tennessee, búrẹ́dì sínámónì kan wà tí wọ́n ń yan nínú ilé ọlọ kan tí wọ́n ń pè ní Grist Mill. Wọ́n á fi ọ̀bẹ la ìyẹ̀fun pípò náà lórí, wọ́n á rì í bọ inú bọ́tà yíyọ́, wọ́n á yí i nínú ṣúgà àti sínámónì, wọ́n á sì kó o sínú agolo yíyan, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá jáde, ibi tí ọ̀bẹ gbà ti ṣí sílẹ̀, ṣúgà ibẹ̀ sì ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ etí búrẹ́dì. Ọwọ́ ni a fi ń ya á, a sì ń fi í kan èso ápù tí wọ́n sè di lílẹ̀. Odindi rẹ̀ kan tó ènìyàn mẹ́ta, òórùn rẹ̀ sì máa ń ti ọ̀nà jíjìn pe ènìyàn. Ohun tó mú un yàtọ̀ kò ṣòroó rí: nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń ṣe é láti àárọ̀ dé alẹ́, wọ́n sì ń tà á tán kí ó tó tutù. Gúgúrú Tokyo Disneyland náà rí bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kan ń ta ti kárámẹ́ẹ̀lì, òmíràn ń ta ti kọ́rì tàbí ti bọ́tà pẹ̀lú ọbẹ̀ sóyà, àwọn ènìyàn sì ń tò sí ẹ̀yìn adùn tí wọ́n fẹ́. Àgbàdo lásán ni, owó rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni.

EPCOT, ọgbà Disney mìíràn ní Flọ́rídà, ni mo kà sí ibi tó ta ko kókó ọ̀rọ̀ mi jù, nítorí inú ẹnubodè ló wà, síbẹ̀ oúnjẹ àjọ̀dún rẹ̀ ọdọọdún dára. Ìdí tí mo rí ni pé ìsọ̀ kéékèèké ló pọ̀ níbẹ̀, ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń se ìwọ̀nba oúnjẹ díẹ̀ nínú àwo kékeré, ẹni tí ti àkọ́kọ́ kò bá sì tẹ́ lọ́rùn yóò kàn sún síwájú ni. Ohun mìíràn tún ni pé àwọn ará agbègbè tó ní tíkẹ́ẹ̀tì ọdún kan máa ń wá jẹun níbẹ̀ láì gun ẹ̀rọ kankan, àwọn ni wọ́n sì lè sọ pé àwọn kò wá mọ́. Kí a ṣáà máa ṣọ́ àpò: àwo tó jẹ́ dọ́là mẹ́jọ kì í ju òkèlè mẹ́ta lọ, ẹni tó bá mú márùn-ún sì ti ná ogójì dọ́là lórí ìdúró.

Ní ti àwọn ibùdó ìsinmi, àwọn ilé oúnjẹ tó lórúkọ jù lọ lábẹ́ àwọn ọgbà yìí kò sí nínú ọgbà. Hòtẹ́ẹ̀lì Grand Floridian ti Walt Disney World ni Victoria & Albert's wà, ó sì gba ìràwọ̀ Michelin kan, àmì-ẹ̀yẹ tí àwọn alásè ń lé kiri, ní 2024; hòtẹ́ẹ̀lì ni Ammolite ti ọgbà Europa-Park wà pẹ̀lú, ní ìlú Rust ní Jámánì, òun sì ní ìràwọ̀ méjì. Ibi tí a ti sanwó oúnjẹ pọ̀ mọ́ owó yàrá ni ẹnubodè tún ti yí àwọ̀ padà. Bí a bá ti sanwó tán, gbogbo àwo tí a bá bù ti di ìnáwó onílé, ó sì hàn nínú bí wọ́n ṣe ń to tábìlì: búrẹ́dì, ìrẹsì àti ọ̀dùnkún ni a máa kọ́kọ́ bá níbi tí a ti ń mú àwo, ẹja àti ẹran sì wà lópin, níbi tí àwo ti kún, tí ọkùnrin kan tó mú ọ̀bẹ gígùn dání ń gé ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a ní láti fẹnu bẹ̀ ẹ́ kó tó fi ẹyọ kan kún un. Ìmọ̀ràn mi ni kí a rìn dé òpin tábìlì kí a tó mú àwo rárá. Las Vegas, ìlú tẹ́tẹ́ Amẹ́ríkà, náà ti yí padà. Ní àwọn ọdún 1940, hòtẹ́ẹ̀lì El Rancho Vegas ń bọ́ ènìyàn yó ní dọ́là kan kí wọ́n lè pẹ́ nídìí tẹ́tẹ́. Lónìí, tábìlì oúnjẹ Bacchanal ní hòtẹ́ẹ̀lì Caesars Palace ń gbà ju 70 dọ́là lọ ní alẹ́, oúnjẹ tó jẹ́ ìjẹ ẹja tẹ́lẹ̀ ti di ẹja fúnra rẹ̀.

Kí a ka òfin ọgbà kí a tó gbéra, nítorí wọn kò dọ́gba. Walt Disney World gbà kí a gbé oúnjẹ tiwa wọlé, bí kò bá ti sí ìgò tàbí ọtí nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fúnni ní ife omi tútù lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn káńtà tó ń ta ohun mímu. Ẹni tó bá ń ra omi oníke níbẹ̀ ń ṣàánú wọn ni. Tokyo Disneyland kì í gba oúnjẹ ilé wọlé, ọ̀pọ̀ ọgbà Six Flags náà kì í gbà á. Bí a bá gbọ́dọ̀ jẹun lórí káńtà, agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ sàn ju agogo kan lọ, kí oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ènìyàn lábẹ́ iná. Kí a má sì rò pé ẹ̀hónú kò já mọ́ nǹkan kan: nígbà tí ọgbà Disney ti ìlú Paris ṣí ní oṣù kẹrin 1992, kò sí wáìnì nínú àwọn ilé oúnjẹ inú ọgbà náà, àwọn ará Faransé ráhùn, wọ́n sì gbé e wá ní 1993. Ẹni tí wọ́n bá fún ní bọ́gà tó tutù, kó dá a padà sí káńtà lójú ẹsẹ̀, kó tó bù ú jẹ. Wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ rẹ̀ láì jiyàn, èyí tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde máa ń gbóná.